Ìyá Àgbà Tó Gbẹ́sẹ̀ Lé Ẹfun

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi àgbà, dírẹ́kítọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé abúlé wa, dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní ìyá jẹ́jẹ́ ni, ìyá àlàáfíà, ìyá tó fẹ́ràn ilé-ìwé ju oúnjẹ lọ. Àwọn èèyàn ń mi orí. Obìnrin kan tiẹ̀ nu ojú. Èmi jókòó níwájú níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni láti òkè délẹ̀. Mo fẹ́ dìde kí n sọ ọ́. Mo ti di apá àga mú. Ni dírẹ́kítọ̀ bá wò mí, mo sì ṣe bí ẹni pé omi ni mo fẹ́ lọ mu. Mo lọ mu omi lóòótọ́. Òùngbẹ kò gbẹ mí.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ìwé kì í wo èèyàn lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá kà á, ẹ má wá èdè wa níbẹ̀. Ifẹ̀ ti ìhà Akparé ní ilẹ̀ Tógò ni ìyá mi àgbà ń sọ. Yorùbá tí mo fi ń kọ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ará Ṣakí ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ títún alùpùpù ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjà Atakpamé. Mo gbọ́ Faransé náà, ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ kò tó láti fi bínú.

Ìyá kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Oníjà ni. Ó bá àwọn ìyàwó ilé jà, ó bá baálẹ̀ jà, ó bá ewúrẹ́ jà, ewúrẹ́ náà sì mọ̀ pé wọ́n ń jà. Òun àti àbúrò rẹ̀ kan kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ìkòkò tí àbúrò yá tí kò dá padà. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé ìkòkò ọ̀hún ti fọ́ tipẹ́, kó jẹ́ kó tán, ó ní: "Ìkòkò ló fọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi kò fọ́."

Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú jù nípa rẹ̀ ni bó ṣe ń sinmi. Àwọn obìnrin yòókù, tí wọ́n bá jókòó, wọn á mú ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n máa yin àgbàdo, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìyá á tẹ́ ẹní síwájú ìta nígbà tí àwọn ará oko ń kọjá, á ká ìró sábẹ́ orí, á sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Kò sùn o. Ojú rẹ̀ là, áṣáà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń wo ẹni tó ń kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyá Yáwà, aládùúgbò wa, bú u lọ́jọ́ kan pé àwọn èèyàn ń kú lọ sóko, Ìyá ń fi ara rẹ̀ ṣe ọlọ́lá lójútáyé, ṣé kò lè wọ inú ilé lọ ṣe é ni. Ìyá ní: "Ẹni tó bá ń fi ìsinmi pamọ́ bí ewúrẹ́ tó jí gbé, ewúrẹ́ náà á ké lọ́jọ́ kan."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọkọ́. Ní abúlé wa, ọjọ́ kan wà láàárín ọjà kan sí èkejì tí ọkọ́ kì í kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ló ń sinmi lọ́jọ́ náà. Èèyàn lè lọ wo iṣu rẹ̀, ó lè ṣẹ́ igi ìdáná, ṣùgbọ́n tó bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀, àgbà tó ń ṣọ́ ọjọ́ náà á gba ọkọ́ ọ̀hún, kò sì ní rí i gbà padà títí yóò fi mú adìẹ wá. Ìyá ni àgbà yẹn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló ti jogún rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ ìsinmi, á mú ọ̀pá, á gba ọ̀nà oko lọ, á máa tẹ́tí. Wọ́n ní ó mọ ohùn ọkọ́ oníkálukú bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ.

Ó gba tèmi náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà yẹn, mo ń wá ìyàwó, mo fẹ́ kí bàbá ọmọbìnrin náà rí i pé ebè mi pọ̀. Mo di ọkọ́ sínú àpò, mo gba ẹ̀yìn odò lọ níbi tí mo rò pé ẹnikẹ́ni kò lè dé. Mo kọ ebè mẹ́ta. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ó ti jókòó lórí èkíní, ó ń fín áṣáà. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bá mi ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kí n jó ijó ìrora yẹn tán, ó wá rọra sọ pé: "Ilẹ̀ kò bẹ̀ ọ́ pé kí o wá kú lé òun lórí." Èmi fúnra mi ni mo gbé ọkọ́ náà délé fún un, mò ń tiro tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ lásán ni. Ìyá tó bí mi ló là mí lójú lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí gbogbo agbègbè wa ń gbin òwú, bàbá mi àgbà, ọkọ Ìyá, gbin tirẹ̀ jù. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá kó òwú, wọ́n sì ti dájọ́. Ló bá ń lọ sóko lọ́jọ́ ìsinmi, Ìyá ń gbé oúnjẹ lọ bá a, kò sì sọ nǹkan kan, torí pé ìyàwó kékeré ni, ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé oúnjẹ dé, ó bá a nílẹ̀ láàárín ọ̀wọ́ òwú méjì, àpò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò dìde mọ́. Mo bi Ìyá nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sunkún, kò sì gbé ojú kúrò lára mi. Ó ní: "Ọkọ̀ dé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n kó òwú náà lọ."

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́kítọ̀ ń pè ní ìyá jẹ́jẹ́.

Ó wá kan Afí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó kàwé ní Atakpamé, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì padà wá kọ́ni ní abúlé wa. Kì í ṣe ìjọba ló rán an wá. Àwọn olùkọ́ tí ìjọba rán kò tó, abúlé ló wá irú wọn fún ara rẹ̀, fólóńtẹ́ ni a ń pè wọ́n. Bí dírẹ́kítọ̀ àti kòmítè àwọn òbí bá sọ pé kó máa lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹni tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀ kì í kọ iṣẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, tí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá ilé-ìwé, ẹ ó máa gbọ́ orin. Àwọn ọmọ kékeré á kọ orin ọ̀hún délé, wọn á fi dí wa létí. Lẹ́yìn náà olùkọ́ kíláàsì kejì lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílùú Notsé, kò sì padà wá. Wọ́n ní kí Afí da kíláàsì méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọ náà lé ní ọgọ́rùn-ún.

Èmi ni akọ̀wé kòmítè. Ìwé tí mo kà kò dé ibì kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi gún régé. Lọ́jọ́ tí wọ́n pinnu ọ̀rọ̀ yìí, dírẹ́kítọ̀ ń pè é, èmi ń kọ ọ́. Mo fẹ́ béèrè pé ọ̀fun kan ṣoṣo, báwo ni yóò ṣe kún yàrá tó tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà dé ẹ̀yìn eyín mi. Dírẹ́kítọ̀ ní: "Akọ̀wé, ṣé ó yé ọ?"

Mo ní: "Ó yé mi, dírẹ́kítọ̀." Mo sì bu ọwọ́ lu ìwé, mo fi ìrù sí i nísàlẹ̀.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀, gbogbo abúlé la sì jọ jẹ̀bi rẹ̀. Àwọn òbí ń kó ọmọ lọ sóko ní ọjọ́ ilé-ìwé, àwọn ọmọ ń pàdánù ẹ̀kọ́. Ni dírẹ́kítọ̀ bá ní ọjọ́ tí ọkọ́ kì í kan ilẹ̀, gbogbo ọmọ wà nílé, ọjọ́ náà ló dára kí Afí fi tún ẹ̀kọ́ tó fò wọ́n kọ́ wọn. Ọjọ́ náà kò mọ Satidé, kò mọ Sọ́ńdè, ibi tó bá bọ́ sí ló bọ́ sí. Torí pé àwọn òbí pàápàá wà nílé, àwọn náà á tún wọ́ tọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹnì kan mú lẹ́tà ọmọ rẹ̀ wá. Ẹnì kan mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń jà sí ààlà oko ní kó wá bá àwọn yanjú rẹ̀, òun tó mọ̀wé. Èmi náà mú ìwé àlàyé ẹ̀ńjìnnì wá pé kó bá mi tú Faransé inú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé iṣẹ́ ìjókòó ni tirẹ̀, kò gbé ọkọ́. Ọmọ tó ti dúró kọ́ni láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ là ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn: ọjọ́ tí ilẹ̀ ń sinmi ni ọjọ́ tí ọmọ yẹn kì í rí àyè mí.

Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ń la oyin, ó ń mu ọsàn wẹ́wẹ́, ohùn kò padà. Lẹ́yìn náà kò jẹun mọ́. Irin táyà ọkọ̀ àtijọ́ kan ni wọ́n ń lù bí agogo nílé-ìwé, tó bá ti dún, á fò dìde, kódà tó bá jẹ́ pé nílé ló wà. Ó ń kó káyé, ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́, wálé kó máa yẹ̀ ẹ́ wò, á tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, á sì kọjú sí ògiri kó má baà rí i. Mo gbà á nímọ̀ràn. Mo ní: "Ní sùúrù, iṣẹ́ ni." Èmi tí mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù alùpùpù mi tí òjò bá ṣú.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan ó wọlé lọ́sàn-án, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ìyá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òun gbá ọmọ kan létí, ọmọdébìnrin kékeré tó kàn fẹ́ lọ tọ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Ìyá. Ó dúró níwájú mi, mi ò rí i. Ariwo nìkan ni mo ń rí."

Ìyá gbé áṣáà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: "Ta ló ní kí o kọ́ ọmọ lónìí?"

"Dírẹ́kítọ̀ ni."

"Ta ló kọ ọ́ sínú ìwé fún un?"

Afí kàn yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ń tún okùn bàtà mi so, sálúbàtà sì ni mo wọ̀. Ìyá náà yí ojú sí mi. Ó pe orúkọ mi, ó ní: "Kòsí, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára. Ó dùn mí pé kò sí orí lẹ́yìn rẹ̀."

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Ìyá kò gba ọ̀nà oko. Ọ̀nà ilé-ìwé ló gbà, òun àti ọ̀pá rẹ̀. Afí sọ fún mi bó ṣe rí. Ó ní Ìyá wọ inú kíláàsì, àwọn ọmọ dìde gìrì, wọ́n kí i ní Faransé bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ó dá wọn lóhùn pé ẹ kú ìyà. Ó wá na ọwọ́ sí Afí.

"Gbé e wá."

"Kí ni, Ìyá?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ."

Afí gbé ẹfun tó fi ń kọ ojú pátákó fún un. Ó tún gba odindi páálí ẹfun tó wà lórí tábìlì, ó dì í sí ìdí ìró, ó jáde, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi tíìkì tó wà láàárín ọgbà ilé-ìwé.

Wọ́n rán èèyàn sí mi. Wọ́n ní kí n wá gbé ìyá mi kúrò. Mo sáré débẹ̀, mo sì rí dírẹ́kítọ̀ lápá kan, Ìyá lápá kejì. Mo wá wo ibi tí mo lè dúró sí. Ẹ̀yìn igi ni mo dúró sí. Igi tíìkì kì í sanra, èmi sì sanra.

Dírẹ́kítọ̀ ní: "Màmá, ìjọba ló ni ẹfun yẹn."

"Ọkọ́ tí mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn yòókù, ṣé èmi ni mo rọ ọ́?"

"Ẹfun kì í ṣe ọkọ́, Màmá."

"Ẹni tó mú un dání, ṣé ó ń làágùn àbí kò làágùn?"

"Àwọn àgbẹ̀ ló ni ọjọ́ ìsinmi yín. Olùkọ́ kì í ṣe àgbẹ̀. Kò gbin nǹkan kan."

"Kí ló wá ń fi sórí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn látàárọ̀? Iyọ̀?"

Àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́kítọ̀ yípadà sí mi. "Akọ̀wé, bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀."

Mo yọ orí jáde. Mo ní: "Ìyá, dírẹ́kítọ̀ ní kí ẹ—"

"Mo gbọ́ ohun tó ní. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ ní?"

"Èmi... mo ní kí ẹ rọra jókòó. Èèrà pọ̀ nídìí igi yìí."

Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọ̀bẹ tó kú. Dírẹ́kítọ̀ wá fi ìkanra sọ pé òun á kọ̀wé sí ọ̀gá òun ní Atakpamé, wọn á yọ Afí, kí a wá mọ bí a ó ṣe ṣe é. Ìgbà yẹn ni mo tún fà sẹ́yìn igi. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Afí dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Ìyá fi ọ̀pá dìde. Ó tú ìdí ìró, ó mú ẹyọ ẹfun kan, ó nà án sí dírẹ́kítọ̀. "Kọ̀wé. Yọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá lọ, ìwọ lo máa kọ́ kíláàsì méjèèjì. Má dúró dọ̀la. Wọ́n ń wò ọ́ níbẹ̀ yẹn. Gbà."

Dírẹ́kítọ̀ wo ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra díẹ̀, ó sì padà sí àpò. Kò gbà á. Ìyá dá ẹfun padà sínú páálí. Kò pariwo, èmi tí mo wà lẹ́yìn igi ló sọ ọ́ fún: "Ó mọ bó ṣe wúwo tó."

Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́kítọ̀ gbé àkùkọ pupa kan wá gba ẹfun. Ó gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wá, ṣùgbọ́n àkùkọ kì í dákẹ́. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹfun ń bá ọkọ́ sinmi, kí ẹnikẹ́ni má gbé lẹ́tà tàbí ẹjọ́ lọ bá Afí lọ́jọ́ náà.

N kò ní sọ pé ara ọmọ náà yá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó pẹ́. Ìyá gbé e sọ́dọ̀ nínú yàrá tirẹ̀. Ó ní káyé àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé mọ́, kó yẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀, èyí tí kò bá parí kó sùn síbẹ̀. Tó bá ti dé, kó fọ ẹsẹ̀, kó jẹun, kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn kó tó jẹun tán, ìbáà ṣe baálẹ̀. Ohun tó ṣòro jù fún Afí ni kó sọ fún àgbàlagbà pé kó padà wá lọ́la. Á sọ ọ́ tán, á tún máa ṣàlàyé: ẹ jọ̀ọ́, orí ló ń fọ́ mi, iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá á ti inú ilé ké sí i pé: "Má ṣàlàyé. Ẹni tó ń ṣàlàyé ti ń gbà." Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa padà, ó dà bí ẹni pé òjò ló dé. A tún gbọ́ orin. Ìyá ní orin náà kò dára, wọn ò sì kọ ọ́ dáadáa.

Ọyẹ́ ló mú un lọ. Ó ń bá mi jà lórí igi ìdáná tí mo kó wá ní tútù, ó ní òun á sinmi díẹ̀ kí òun tó parí ọ̀rọ̀ náà. Kò parí rẹ̀.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn ìsìnkú tí dírẹ́kítọ̀ fi pe kòmítè jọ. Ìdánwò ń bọ̀, àwọn ọmọ ti fò púpọ̀. Ó ní Màmá tó fẹ́ràn ilé-ìwé tó bẹ́ẹ̀, bó bá wà láyé, òun fúnra rẹ̀ ni ìbá sọ pé kí Afí máa kọ́ wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tó ń bọ̀ láti ìgbà tó ti dìde níbi ìsìnkú. Ó ti sọ ọ́ di ìyá jẹ́jẹ́ kó lè rí i lò. Inú bí mi débi pé etí mi ń ho. Inú tún bí mi sí ara mi, torí pé mo jẹ́ kó kọjá, mo lọ mu omi.

Ó ní: "Akọ̀wé, kọ ọ́: kòmítè fohùn ṣọ̀kan."

Bíró wà lọ́wọ́ mi. Mo ní: "Mi ò tíì fohùn ṣọ̀kan." Ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi, ohùn àgbò tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà ni.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ọmọ tó fò ẹ̀kọ́, kì í ṣe Afí ló mú un fò ó. Àwa tí a jókòó síbí la mú wọn lọ sóko. Mo mú tèmi náà lọ. Ká fi àwọn ọmọ sí kíláàsì ní ọjọ́ kíláàsì. Tí a ò bá lè ṣe é, ká kọ orúkọ ara wa sínú ìwé yìí. Màá kọ tèmi síwájú."

Wọ́n kùn. Bàbá Yáwà ní ta ni yóò wá bá òun já ẹ̀wà, ṣé èmi ni. Ẹnì kan ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbè. Mo ní òun náà ni. Dírẹ́kítọ̀ ní òun á kọ orúkọ mi ránṣẹ́ sí Atakpamé. Ẹsẹ̀ mi ń lu tábìlì lábẹ́, gbogbo wọn ń gbọ́ ọ, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n mo kọ orúkọ mi, mo sì dé ìdérí bíró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ewé ọjọ́ náà kò ní ìpinnu kankan, àfi orúkọ mi àti orúkọ Bàbá Yáwà, tó fi ìbínú kọ tirẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà Afí. Oòrùn ti mú dáadáa nígbà tí obìnrin méjì dé pẹ̀lú fóònù kan tí wọ́n fẹ́ kó ka àtẹ̀jíṣẹ́ inú rẹ̀ fún wọn. Mo ní ó ń sùn.

"Ní ìwòyí? Kí ló ń ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ń ṣe é."

Wọ́n dúró, wọ́n ń retí kí n ṣàwárí àìsàn kan fún un. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kan lé èkejì kó má baà gbọ̀n, mo sì ń wo ojú wọn títí wọ́n fi lọ.